Nígbà Tí Wọ́n Ní Kí N Fi Iyán Sílẹ̀

Yàrá gígùn kan tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì nílé ìwòsàn náà ni wọ́n ti ń kọ́ wa. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ máa ń pàdé òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tó ń hó lórí sítóòfù kékeré ní igun yàrá, nítorí pé ọmọbìnrin tó ń kọ́ wa nípa oúnjẹ kì í fẹ́ fi ẹnu lásán sọ ohun tó bá lè fi hàn wá. Títí di òní, bí mo bá gba iwájú ilé tí wọ́n ti ń se ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kọjá, yàrá yẹn ni ọkàn mi máa ń sá lọ: àwọn àga oníke, fèrèsé tó kọjú sí àwọn igi máńgòrò, àti àwa àgbààgbà tí a jókòó wọ̀ọ̀ bí ọmọ iléèwé tó ń retí èsì ìdánwò.

O mọ irú èèyàn tí mo jẹ́ nígbà yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ jọ́gíráfì níléèwé girama kan l'Ádó, mo ń rìn lọ rìn bọ̀ láti ilé wa ní àdúgbò Òkè-Ìlá, mo sì gbà pé ara mi kò lè purọ́ fún mi. Òùngbẹ ló kọ́kọ́ dé. Mo máa ń gbé ike omi sórí tábìlì, kí n tó ṣàlàyé odò kan tán fún àwọn ọmọ, mo ti mu ún gbẹ. Lẹ́yìn náà ni ìtọ̀ lemọ́lemọ́, lẹ́yìn náà ni ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ nídìí mi. Ìyàwó mi kò dúró kí n parí àwáwí mi tó fi fà mí lọ sílé ìwòsàn. Dókítà náà rọra sọ ọ́ fún mi pé àtọ̀gbẹ ni. Ó kọ oògùn fún mi, ó sì ní kí n máa wá sí kíláàsì tí wọ́n ń ṣe ní Ọjọ́bọ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àwọn ní in, kí n lè kọ́ bí èèyàn ṣe ń bá a gbé.

Àǹtí Oúnjẹ ni a sọ olùkọ́ wa. Kò ju àkọ́bí mi lọ lọ́jọ́ orí, ó máa ń wọ awò ojú, ohùn rẹ̀ sì tutù débi pé a ní láti dákẹ́ ká tó gbọ́ ọ. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló kọ́ wa pé ká máa yẹ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wò láràárọ̀, ká má sì rin ilẹ̀ láìwọ bàtà. Òun náà ló kọ́ wa pé nígbà mìíràn ṣúgà ara lè já wálẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, tí òógùn tútù á bo èèyàn, tí ọwọ́ á máa gbọ̀n, tí orí á sì máa yí. "Bí ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀," ó ní, "ẹ wá ohun dídùn sẹ́nu kíákíá. Ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì." Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ló ń sọ.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ dórí oúnjẹ gan-an, ó gbé àwòrán ńlá kan kọ́ sára ògiri. Apá kan jẹ́ àwọ̀ ewé, apá kejì pupa bí ẹ̀jẹ̀. Iyán ni wọ́n yà sókè pátápátá lápá pupa, wọ́n yà á rẹwà, ó funfun, ó ń yọ èéfín. Ìwọ náà mọ ohun tí iyán jẹ́ fún wa. Èèyàn lè jẹ ìrẹsì ní ọ̀sán ní Èkìtì, kó jẹ ẹ̀bà lẹ́yìn rẹ̀, kó sì sọ ní ìrọ̀lẹ́ pé òun kò tíì jẹun. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń ti Ìyìn wá, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, nawọ́ sókè. "Ọmọ mi," ó ní, "ṣé ẹ mọ ìlú tí ẹ wà báyìí?" A rẹ́rìn-ín, Àǹtí Oúnjẹ náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ó ní, "Bàbá, mo mọ̀ ọ́n. Iyán ni wọ́n fi tọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jẹ wíìtì, ẹ jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ jẹ ẹ̀wà. Iyán, ẹ fi í sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀. Tíṣà ni mí, mo mọ bí a ṣe ń tẹ̀ lé ohun tí olùkọ́ bá wí, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi. Mo tún fi tèmi kún tiwọn. Bí wọ́n bá ní ìrẹsì díẹ̀, èmi á ní kò sí ìrẹsì rárá. Kó tó pẹ́, oúnjẹ àárọ̀ mi kò ju ìkàn àti kùkúḿbà lọ, tí mo máa ń jẹ nínú kíṣìnì lórí ìdúró, kí n má baà rí ohun tó wà nínú abọ́ ìyàwó mi. Ìyàwó mi máa ń wò mí, á gbé abọ́ rẹ̀ lọ. Ó ti sọ̀rọ̀ títí, mo ti dá a lóhùn pé ilé ìwòsàn ló mọ̀.

Ìyá mi nìkan ni n kò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún. Ìjan-Èkìtì ni ó ń gbé, nínú ilé tí bàbá mi kọ́ kó tó kú, ó ṣì ń gbin iṣu díẹ̀ lẹ́yìn ilé, kì í sì í pa ìsìn ìjọ Aládùúrà rẹ̀ jẹ. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ kí i, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń gbọ́ ìró odó rẹ̀. Kì í bi mí bóyá ebi ń pa mí. Iyán ni ìkíni rẹ̀. Nígbà tí mo wá jókòó tí mo sọ fún un pé wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ uyán mọ́, bí àwa ṣe ń pè é nílé, ohun kan ṣoṣo ló bi mí. "Ṣé títí láé ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ó mi orí, ó dìde, ó lọ se ẹ̀wà fún mi.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀wà ni mo máa ń bá, n kò sì rò ó síbì kankan. Ìgbà tó yá ni ìyàwó ilé kan ní agboolé wa pè mí sẹ́yìn ògiri. "Ẹ bá wa bá Ìyá sọ̀rọ̀," ó ní. "Wọn kò gún iyán mọ́. Ẹ̀kọ ni wọ́n ń mu ní àárọ̀, òun náà ni wọ́n ń mu ní alẹ́. Wọ́n ní ohun tó lè pa ọmọ àwọn, àwọn náà ti bá a ṣọ̀tá." Mo padà sínú ilé, mo sì wo ìyá mi bí ẹni tí kò rí i rí. Egungun èjìká rẹ̀ ti yọ sábẹ́ bùbá. Odó rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó ti dojú rẹ̀ délẹ̀, adìẹ kan sì jókòó sórí ìdí rẹ̀. Mo ní, "Màmá, èmi ni ara mi kò dá. Kò sí ohun tó ṣe yín. Kí ló dé tí ẹ ò jẹun?" Ó ń ṣa ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, kò gbé ojú sókè. "Ohun tí mi ò lè fún ọ jẹ," ó ní, "kì í lọ lọ́fun mi."

Mo lérò pé mo ń gbé àìsàn tèmi fún ara mi ni, n kò mọ̀ pé ìyá mi ti gba apá kan gbé lórí, láìbi mí.

Ọjọ́ Sátidé kan báyìí ni ó ṣẹlẹ̀. Mo ti lo oògùn mi nílé, mo jẹ ìkàn díẹ̀, mo sì wọ mọ́tò lọ sí Ìjan láti bá a to iṣu rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Oòrùn mú díẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì le. Mo gbé iṣu kan lọ́wọ́ mejèèjì, ó sì dà bíi pé ẹnì kan gbà á lọ́wọ́ mi. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dá sí méjì. Òógùn tútù bò mí láti orí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo sì ń gbọ́ ohùn ìyá mi bí ẹni pé òdì kejì odò ni ó ti ń pè mí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Láàárín gbogbo rẹ̀, ohùn tútù ọmọbìnrin yẹn wá sí mi lọ́kàn: ẹ wá ohun dídùn sẹ́nu kíákíá.

"Oyin," mo ní. Igo oyin kan kì í wọ́n nílé ìyá mi nítorí àdúrà.

Ó sáré gbé e wá, ṣùgbọ́n ó dúró lórí mi, ó di igo náà mú mọ́ àyà. "Oyin kẹ̀? Ṣé kì í ṣe adùn ni wọ́n ní ó ń ba ara rẹ jẹ́?"

"Màmá, wọ́n kọ́ wa. Ẹ fún mi."

"Bí mo bá fún ọ tó wá burú sí i ńkọ́?"

N kò ní agbára láti ṣàlàyé mọ́. Mo kàn ya ẹnu. Mo rò pé ìyẹn ló mú un ṣe é. Ìyá tí ọmọ bá ya ẹnu níwájú rẹ̀ kò lè dúró máa bi í ní ìbéèrè. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú erùpẹ̀, ó gbé orí mi lé itan rẹ̀, ó ti ìka bọ oyin, ó fi kàn mí ní ahọ́n. Ó tún ṣe é, ó tún ṣe é. Mo gbọ́ tó ń kọ orin ìjọ rẹ̀ sínú, ọwọ́ rẹ̀ kejì sì wà níwájú orí mi, ó gbóná, ó rí ṣákaṣàka nítorí iṣẹ́ oko. Díẹ̀díẹ̀ ni ayé padà sí ààyè rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rí ewé ìbẹ́pẹ lókè, lẹ́yìn náà mo rí àgbọ̀n ìyá mi tó ń gbọ̀n.

Kò bi mí ohun tí ilé ìwòsàn wí mọ́. Ó mú iṣu tó dá sí méjì náà, ó bó o, ó sè é, ó fi epo díẹ̀ sí i, ó sì gbé e sáàárín àwa méjèèjì. Mo jẹ, òun náà sì jẹ. Ara mi balẹ̀ lọ́nà tí kò tíì balẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ àìsàn náà fún mi. Nínú mọ́tò nígbà tí mo ń padà s'Ádó, mo ń gbìyànjú láti bínú sí kíláàsì yẹn, inú náà kò sì ṣeé bí. Ibi tí wọ́n ti kọ́ mí ní ìbẹ̀rù oúnjẹ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́ mí ní oyin.

Ìyàwó mi kò gbà kí n dúró de Ọjọ́bọ̀ kí n tó rí dókítà. Dókítà náà gbọ́ ohun tí mo ń jẹ ní àárọ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ta ló ní kí ẹ máa fi ebi lo oògùn?" Ó ní oògùn àti ebi ló jọ fa ṣúgà mi wálẹ̀, ó sì dín oògùn náà kù. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ wá dé, mo nawọ́ sókè kí Àǹtí Oúnjẹ tó bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún gbogbo kíláàsì, títí kan ti ìyá mi tó ń fi ẹ̀kọ gbé ẹ̀mí ró ní Ìjan. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bá yín jà. Ẹ sọ ohun tí a ò gbọdọ̀ jẹ fún wa, a sì gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé iyán kékeré burú ju wíìtì ńlá lọ? Àti pé àwa tí a máa ń bá èèyàn jẹun nínú abọ́ kan, báwo ni ká ṣe máa jẹ ẹ́?"

Bàbá tó ń ti Ìyìn wá gbè mí lẹ́yìn. "Òótọ́ ni. Wíìtì tí mò ń jẹ tóbi bí orí ọmọ tuntun. Mo ṣáà gbọ́ pé oògùn ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Àǹtí Oúnjẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àga kan, ó jókòó láàárín wa, ohun tí kò ṣe rí. Ó ní, "Bàbá mi ní àìsàn yìí. Àwọn náà máa ń sọ pé díẹ̀ ni: 'Ẹ jẹ́ kí n jẹ díẹ̀, díẹ̀ náà nìyí.' Wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn kan kí n tó wọ yunifásítì. Bí ẹ bá ti ń sọ pé iyán kékeré, etí mi kì í gbọ́ kékeré yẹn." Ó nu ojú awò rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ. "Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dákú nítorí ohun tí mo sọ. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, ẹ gbé oúnjẹ ilé yín wá. Kí ẹni tí ẹ ń bá jẹun sì tẹ̀ lé yín. A ó jọ wọ̀n ọ́n."

Ilé wa ní Òkè-Ìlá ni ìyá mi sùn mọ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tó fi ń gún iyán, tí ará ilé kejì fi yọjú bèèrè àlejò tí a ń retí. Ó wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ fún ìkórè ìjọ, ó gbé kúlà lé orí itan nínú mọ́tò, kò jẹ́ kí n bá a gbé e. Yàrá gígùn náà kún fún òórùn oríṣiríṣi ọbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kò rọ́wọ́ mú. Wọ́n gún ìka wa láti wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wa kí a tó jẹun. Àǹtí Oúnjẹ bu iyán mi bí ìkúùkù kan, ó kó ẹ̀fọ́ àti ẹja tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ẹ̀fọ́ fi ju iyán lọ. Bàbá Ìyìn jẹ wíìtì rẹ̀ bó ṣe máa ń jẹ ẹ́ nílé. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, a rìn yí ká abẹ́ igi máńgòrò, a padà jókòó, a ń bá ara wa sọ̀rọ̀, nígbà tó sì tó àkókò, wọ́n tún gún ìka wa.

Ṣúgà mi gòkè, kò fò. Ti Bàbá Ìyìn fò. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ẹni pé a borí, nítorí obìnrin kan tó jókòó tì mí jẹ iyán tí kò ju tèmi lọ, tirẹ̀ sì gòkè débi tí ojú rẹ̀ fi rẹ̀ wẹ̀sì. Àǹtí Oúnjẹ fi ọwọ́ lé e léjìká. Ó ní ara kò dọ́gba, ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ó sì bá a jókòó láti ronú ohun mìíràn tó lè jẹ tí ọkàn rẹ̀ á gbà. Mo rí i pé ó ti kúrò nídìí àwòrán ara ògiri, ojú èèyàn ló ń wò.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ bàbá Àǹtí Oúnjẹ fún ìyá mi, ó sì ti ń wò ó láti àárọ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ó fi ọwọ́ pè é. "Ọmọ mi, ìwọ ti jẹun?"

"Mo máa jẹ nílé, Màmá."

"Bàbá rẹ tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, ṣé wọ́n ṣì wà?"

Ọmọbìnrin náà mi orí. "Wọ́n ti lọ, Màmá."

Ìyá mi kò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ó ṣí kúlà, ó bu iyán tó kù sínú abọ́, ó bu ọbẹ̀ sí i, ó sì fà á sítòsí rẹ̀. Wọ́n jọ jẹ ẹ́, ọwọ́ àgbà àti ọwọ́ ọmọdé nínú abọ́ kan. Mo wo ìyá mi bó ṣe ń gbé òkèlè mì, tó ń lọ lọ́fun rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo sì yí ojú sí ojú fèrèsé.

Wọ́n ti gbé Àǹtí Oúnjẹ lọ sí ìlú mìíràn báyìí. Kó tó lọ, ó sọ Ọjọ́bọ̀ oúnjẹ ilé di àṣà kíláàsì náà. Ìyá mi ṣì ń gún iyán: ìkúùkù kan tèmi, ìyókù tirẹ̀, egungun èjìká rẹ̀ kò sì yọ mọ́. Èmi náà ṣì ń gún ìka, mo ṣì ń lo oògùn. Àwọn ọjọ́ kan wà tí òǹkà ṣúgà mi kì í dára, n kì í sì í purọ́ fún ara mi nípa wọn.

Láìpẹ́ yìí, tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan gbọ́ irú ìròyìn tí mo gbọ́ nígbà náà. Ó wá bá mi níbi tí a máa ń jókòó sí nígbà ìsinmi, ìwé pélébé ilé ìwòsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ sì gbẹ. Ó ní kí n sọ gbogbo ohun tí òun kò gbọdọ̀ jẹ mọ́ fún òun, kí òun lè tètè fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n, mo lè kà wọ́n láì wo ibì kankan. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí irú ìgbọràn bẹ́ẹ̀ lè gbé èèyàn dé, òun àti ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní, "A ó dé ibẹ̀. Kọ́kọ́ sọ fún mi ná, ta lò ń bá jẹun?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ mi yé. Ó ní, "Ìyàwó mi ni."

"Ó dáa," mo ní. "Mú un dání ní Ọjọ́bọ̀."